Ẹni Tí Kò Lè Pe Ọlọ́pàá

Ní Ìlọrin níbí, bí ẹnikẹ́ni bá ní kí òfin dáàbò bo ọkùnrin tó ń fẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin, ìgbéyàwó ni àwọn ènìyàn máa ń rò pé ó ń sọ, wọn a sì ti ké “aúsù bílláhì” kí olúwarẹ̀ tó parí ọ̀rọ̀. Mùsùlùmí ni èmi náà, n kò sì wá bá ààfáà kankan jiyàn lórí ohun tí ẹ̀sìn wí. Ọ̀rọ̀ ilé gbígbé, iṣẹ́ òòjọ́ àti ààbò ara ni mò ń sọ.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo mọ̀ yá yàrá ní Tanke, ó sì san owó ọdún kan sílẹ̀. Nígbà tí òfófó dé etí onílé, kò fún un ní ìwé àtikúrò nílé bí òfin ti wí. Ńṣe ló mú káfíńtà wá, tí wọ́n yọ ilẹ̀kùn yàrá náà kúrò lára férémù ní ọ̀sán gangan, tí ẹrù ọmọ náà sì wà ní gbangba lójú gbogbo ará ilé. Kọ́bọ̀ kò padà sí i lọ́wọ́. Ayálégbé mìíràn ìbá gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n máa kọ́kọ́ bi í ni ohun tó dá ìjà sílẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ sì lè sọ òun gan-an di ọ̀daràn. Àwọn jàǹdùkú tó ń fi ìfẹ́ ẹ̀tàn pe irú ọmọ bẹ́ẹ̀ jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n á lù ú, tí wọ́n á sì tì í lọ sídìí POS kó gba gbogbo owó rẹ̀ jáde, mọ èyí dáadáa. Òun ni wọ́n fi ń jẹun.

Nítorí pé Kwara wà lára Ẹkùn Àríwá àtijọ́, Penal Code, ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ti Àríwá, ni à ń lò, ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún 14 ló sì wà nínú rẹ̀ fún ìbálòpọ̀ ọkùnrin sí ọkùnrin. Òfin tó ka ìgbéyàwó ọkùnrin sí ọkùnrin àti obìnrin sí obìnrin léèwọ̀, tí Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí ní oṣù kìíní ọdún 2014, tún la ẹ̀wọ̀n ọdún 10 kalẹ̀ fún ẹni tó bá dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀ tàbí tó ti irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn. Lójú tèmi, apá yìí ló yẹ ká kọ́kọ́ ní kí wọ́n yọ, nítorí kò sí ìpolongo tó lè fẹsẹ̀ múlẹ̀ níbi tí kíkó ara jọ ti jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, òfin mìíràn wà tí wọ́n ṣe lọ́dún 2014 yẹn kan náà, tó ní kí a má ṣe dẹ́yẹ sí ẹni tó ní kòkòrò HIV. Kò sẹ́ni tó ka èyí sí àṣẹ fún ọ̀gá iléeṣẹ́ láti fẹ́ràn ẹnikẹ́ni; kó má ṣáà lé e lẹ́nu iṣẹ́ nítorí àìsàn rẹ̀ ni. Gúúsù Áfíríkà ti kọ irú ààbò tí mò ń sọ yìí sínú òfin ìpìlẹ̀ rẹ̀ láti ọdún 1996, Mòsáńbíìkì sì fi í sínú òfin iṣẹ́ rẹ̀ lọ́dún 2007. Abala 42 nínú òfin ìpìlẹ̀ tiwa dárúkọ ẹ̀yà, ibi tí ènìyàn ti ṣẹ̀ wá, jíjẹ́ akọ tàbí abo, ẹ̀sìn àti èrò òṣèlú, ṣùgbọ́n kò dárúkọ ẹni tí ènìyàn ń fẹ́.

Ọwọ́ àwọn aṣòfin Àbújá ni òfin iṣẹ́ àti òfin ọdún 2014 tó ka ìgbéyàwó bẹ́ẹ̀ léèwọ̀ wà, ibẹ̀ á sì pẹ́. Ṣùgbọ́n ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ wa ló ni Penal Code tí à ń lò àti òfin tó wà láàrin onílé àti ayálégbé. N kò rí ìdí tí aṣòfin tó ń kírun Jímọ̀, tàbí èyí tó ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ọ̀mù-Àrán, kò fi ní lè fọwọ́ sí i pé kí onílé má ṣe lé ẹni tó san owó ilé pé jáde nítorí ẹni tó ń fẹ́.