Gbèsè Bọ́ Síwájú

Ọjọ́bọ̀, alẹ́.

Ọjọ́ kẹta rèé tí mo ti ń bá táàbù mẹ́rin jà. Mẹ́rin péré o. Áàpù tí mò ń ṣe fún àwọn tó ń ta ọjà kéékèèké, tí wọn á máa fi kọ ìṣirò wọn sílẹ̀, ní Ọjà, Owó, Àjọ àti Gbèsè lókè, lórí ìlà kan. Ohun tí mo fẹ́ ò ju pé kí ẹni tó ni fóònù tẹ táàbù kan mọ́lẹ̀, kó fà á lọ síbi tó wù ú, kó gbé ọwọ́ kúrò. Lójú ẹni tó ń lò ó, kí ló wá le níbẹ̀?

Flutter, ohun èlò Google tí wọ́n fi ń kọ áàpù, ni mo fi ń ṣe é, ReorderableListView rẹ̀, ìlà tí èèyàn lè fọwọ́ tún tò, ló sì ru èyí tó wúwo jù nínú ẹrù náà. Mo fún táàbù kọ̀ọ̀kan ní key tirẹ̀, ìyẹn àmì tí a fi ń dá a mọ̀, wọ́n sì ń gbéra. Àná ni mo wá rí i pé tí mo bá fa táàbù sí òsì, ibi tí mo bá fi í sí náà ló ń dúró sí. Tí mo bá fà á sí ọ̀tún, á fo ẹnìkan kọjá. Mo gbé Ọjà sáàárín Àjọ àti Gbèsè, ó lọ jókòó sẹ́yìn Gbèsè. Mo ní kí n fà á dé ìparí pátápátá, ni lẹ́tà pupa RangeError, àṣìṣe pé nọ́ńbà ti kọjá ibi tí ìlà dé, bá kún ojú kọ̀ǹpútà mi.

Nídìí ẹ̀rọ omi àdúgbò wa ní Àgbówó ló ti yé mi láàárọ̀ yìí. Kẹ́ẹ̀gì tèmi ló wà níwájú, omi ò sì tíì yọ. Mo fẹ́ sáré lọ gba búrẹ́dì lọ́dọ̀ Ìyá Ìbejì, mo bá ní kí wọ́n bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì mi sẹ́yìn ẹni kẹta. Bí wọ́n ṣe yọ tèmi báyìí, gbogbo ìyókù sún síwájú, ẹni tí mò ń pè ní ẹni kẹta di ẹni kejì. Bẹ́ẹ̀ náà ni nọ́ńbà ibi tuntun tí Flutter ń fún mi, ìgbà tí táàbù náà ṣì wà ní àyè rẹ̀ lórí ìlà ló ti kà á. Tí ibi tuntun bá ti ju ibi àtijọ́ lọ, kí n yọ ọ̀kan kúrò nínú nọ́ńbà náà, ó parí. Wọ́n kúkú kọ ọ́ sínú ìwé ìlànà wọn. Èmi ni mi ò kà á.

Nírọ̀lẹ́, mo fi áàpù náà sórí fóònù Ìyá Ìbejì, èyí tí gíláàsì rẹ̀ ti sán ní igun kan. Lẹ́tà gàdàgbà ló ń lò, táàbù mẹ́rin ò gba ojú fóònù náà tán, wọ́n ń yí lọ yí bọ̀. Ó fi àtàǹpàkò tẹ Gbèsè, ó sì fà á lójú ẹsẹ̀. Gbogbo ìlà náà yí lọ.

"Ó ń sá fún mi."

Ìjàkadì ni, àwọn Flutter pàápàá ń pe ibẹ̀ ní gesture arena, pápá ìjà: ẹni tó fẹ́ yí ìlà àti ẹni tó fẹ́ gbé táàbù jọ wà lábẹ́ ìka kan ṣoṣo. Ẹni tó fẹ́ gbé táàbù gbọ́dọ̀ dúró fún ìdajì sẹ́kọ́ǹdì. Tí ìka bá ti yẹ̀ ju díẹ̀ lọ kí àkókò náà tó pé, ẹ̀yìn rẹ̀ ti kanlẹ̀.

"Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ná mà, kí ẹ ní sùúrù díẹ̀."

"Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, ta ló ń ní sùúrù fún gbèsè?"

Ó tún un tẹ̀. Fóònù gbọ̀n díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, Gbèsè gbéra, ó gbé e kọjá lórí Àjọ, lórí Owó, ó gbé e síwájú Ọjà. Inú mi dùn. Kò pẹ́ rárá.

"Gbèsè mi dà?"

Orúkọ rẹ̀ wà níwájú lóòótọ́, àmọ́ Àjọ ló ṣí sílẹ̀. Gbèsè ló ṣí sílẹ̀ kó tó fà á, nọ́ńbà ni mo sì fi ń rántí táàbù tó wà ní ṣíṣí: 3, torí láti òdo ni kọ̀ǹpútà ti ń kà. Gbèsè dìde, Àjọ bọ́ sáyè rẹ̀, èmi náà sì ń ṣe bíi kọndọ́kítọ̀ tó ń fi ìjókòó dá èrò mọ̀. Ẹni tó ni ṣéńjì ti sún síwájú, kọndọ́kítọ̀ lọ na owó sí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jókòó.

Orí bẹ́ǹṣì rẹ̀ ni mo jókòó sí tí mo tún un ṣe, bátìrì kọ̀ǹpútà ku díẹ̀. Orúkọ ni áàpù ń rántí báyìí, ètò wọn náà sì wà ní ìpamọ́ pẹ̀lú orúkọ. Táàbù tuntun tí orúkọ rẹ̀ ò bá sí nínú ètò tí èèyàn ti tò sílẹ̀, ẹ̀yìn ni yóò lọ dúró. Mo dín ìdajì sẹ́kọ́ǹdì yẹn kù sí 300 mílísẹ́kọ́ǹdì. Mo tún fi ọfà òsì àti ọ̀tún síbi tí èèyàn ti lè fi tún táàbù tò, fún ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ò lè fa nǹkan. Ìlànà WCAG 2.2 ti 2023, tó wà kí ẹni tó ní ìpèníjà ara lè lo ìkànnì lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ti béèrè fún irú ọ̀nà míì bẹ́ẹ̀ tipẹ́, èmi ni mo fojú rénà rẹ̀. Ká sòótọ́, àfàìmọ̀ ni kí ọfà yẹn má wúlò ju fífà tí mo fi ọjọ́ mẹ́ta ṣe lọ.

A tún un dán wò nígbà tó kù díẹ̀ kí ó ti ìsọ̀. Gbèsè lọ síwájú, ó sì ṣí síwájú. Ó ti kọ orúkọ àwọn oníbàárà rẹ̀ sínú rẹ̀, ẹni tí tiẹ̀ pọ̀ jù ló wà lókè: Bọ̀dá Kọ̀ǹpútà, búrẹ́dì àti ẹyin, ₦4,200.

Ó yí fóònù náà sọ́dọ̀ mi kí n lè rí i dáadáa.