Àyẹ̀wò Ọdún 2024: Ọdún Tí A Gbé Fíìmù Wa Kiri

Ẹ̀yin tí ẹ ń bi mí látàárọ̀ ọdún pé "Fíìmù yẹn dà? Sinimá wo la ti máa rí i?", ẹ má bínú pé mi ò tètè dáhùn. Kò dé sinimá, kò sì ní í dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn ti wò ó, ó sì ti mú owó díẹ̀ wálé. Kí ọdún 2024 tó kógbá wọlé, ẹ jẹ́ kí n ṣírò rẹ̀ fún yín.

Ìyá aláró kan ní Abẹ́òkúta ni ìtàn náà dá lé, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ tó ní ọwọ́ tòun ò ní í dúdú láéláé. Gbogbo owó tí a fi ṣe é kò tó ra Corolla tokunbọ̀ kan. Mo mọ iye tó wà lọ́wọ́ kí n tó kọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé agbolé kan, ọjà Ìtokú àti òṣèré perete ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lówó tó lọ kọ ìjà ọlọ́pàá àti adigunjalè sínú ìtàn, ara rẹ̀ ló ń dá lóró. Ojú kan ṣoṣo tí ayé mọ̀ la rí owó bẹ̀, ọjọ́ kan náà la sì ya gbogbo apá tirẹ̀. Láàárọ̀ ó sunkún ikú ọkọ rẹ̀, lọ́sàn-án ó ṣègbéyàwó pẹ̀lú ọkọ ọ̀hún, nígbà tó di ìrọ̀lẹ́ a kun irun rẹ̀ ní funfun, ó di ìyá àgbà. Kò ṣàròyé rárá. Oúnjẹ nìkan ló béèrè, pé kó gbóná.

Àwòrán kọ́ ló dà wá láàmú, ohùn ni. Ẹ mọ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n ń fi láfún ya ọnà sí lára kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú aró. Tí wọ́n bá ti lù ú tó ń dán, tó sì le, ṣe ló máa ń dún wàràwàrà. Òun la wọ̀ fún òṣèré tó ṣe ìyá aláró, a fi máìkì kékeré sí i láyà, bó bá ti gbé apá báyìí, aṣọ a gba ọ̀rọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu. Ọmọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ wò ó títí, ó ní kí màmá tú gèlè, ó ki máìkì sí ìṣẹ́po gèlè lókè iwájú orí, ó ní kí wọ́n wé e padà. Ohùn mọ́ gaara. Ó wá ku ìyá tó ń lọ ata lójúde. Ìyẹn gbà láti pa ẹ̀rọ rẹ̀ fún wa, àmọ́ gbogbo oníbàárà tó bá kọjá ló ń kà, ó sì gbowó orí wọn lọ́wọ́ wa nírọ̀lẹ́. Mi ò rí ẹjọ́ rẹ̀.

Ní ti jẹnẹrétọ̀, a sá fún un. Lítà epo pẹtiróòlù kan tí kò tó 200 náírà kí oṣù karùn-ún 2023 tó parí ti lé ní 1,000 náírà nígbà tí a wọ oṣù kẹwàá ọdún yìí. Oòrùn la fi ya èyí tó pọ̀ jù, pẹ̀lú aṣọ funfun tí a fi ń da ìmọ́lẹ̀ padà sójú òṣèré.

Yíya fíìmù lèyí tó rọrùn. Títà ló kù. Oṣù kìíní gan-an ni Amazon kéde pé Prime Video kò ní í náwó sí iṣẹ́ tuntun ní Áfíríkà mọ́, gbogbo ẹni tó ti ń retí ibẹ̀ sì kọjú sí ibòmíràn. Idúmọ̀tà tí àwọn màkẹ́ẹ̀tà ti ń gba fíìmù lọ́wọ́ ẹni, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ sí CD, ti di ìtàn. Ẹnì kan tó ń gbé fíìmù lọ sí sinimá pè mí. Ó fẹ́ kí n san owó ìpolówó, kí n ṣe DCP, ìyẹn irú fáìlì fíìmù tí ẹ̀rọ sinimá ń lò, kí n sì gba àkókò tí wọ́n bá fún mi, ìyẹn aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun. Ta ló ń lọ sí sinimá ní aago mọ́kànlá òwúrọ̀ ọjọ́ ìṣẹ́gun? Kí sinimá gba tiwọn, kí òun náà gba tirẹ̀, kó tó wá kàn mí. Mo dúpẹ́, mo sì kọ̀.

Ohun tí mo ṣe kì í ṣe tuntun. Hubert Ògúńdé àti Adéyẹmí Afọláyan tí ayé mọ̀ sí Ade Love ti gbé fíìmù tiwọn kiri ìlú rí. Fúnra wọn ni wọ́n ń gbé e lọ, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ, torí wọ́n mọ̀ pé bí ó bá kúrò lójú àwọn, owó rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Lẹ́yìn tí àjọ ìjọba tó ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ti fún wa níwèé, a wá projector, aṣọ funfun fífẹ̀ àti àpótí ohùn méjì, a sì ń háyà gbọ̀ngàn ìlú àti ti ilé-ìwé. Kọ̀ǹpútà èmi fúnra mi ni fíìmù wà, kì í kúrò lábẹ́ apá mi. Àwọn ọmọ wa ń rìn láàárín ìjókòó, wọ́n ń bẹ àwọn tó ń gbé fóònù sókè láti yà á.

Ìṣẹ́yìn ló dùn mọ́ mi jù. Àwọn ahunṣọ pọ̀ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọwọ́ tí ọmọ kọ̀ kì í ṣe àjèjì sí wọn. Nígbà tí ọmọ yẹn da omi aró ìyá rẹ̀ nù, màmá kan dìde, ó nàka sí aṣọ funfun, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, o ò ní í rí bá ṣe!" Ọ̀dọ́mọbìnrin kan lẹ́yìn dá a lóhùn pé ta ló bi ọmọ náà bóyá ó fẹ́ kọ́ṣẹ́. Ohùn òṣèré pa rẹ́ mọ́ wọn lẹ́nu, ó kù díẹ̀ kí n dá fíìmù dúró. Lẹ́yìn tó parí, wọn ò lọ. Ẹni tó ń tọ́jú gbọ̀ngàn ń mi kọ́kọ́rọ́, wọ́n ṣì ń jà á.

Ẹ̀yìn ìyẹn ni YouTube. Chánẹ́ẹ̀lì tèmi ò tíì ní ẹgbẹ̀rún olùtẹ̀lé, bẹ́ẹ̀ 1,000 olùtẹ̀lé àti 4,000 wákàtí ìwòran láàárín ọdún kan ni wọ́n ń béèrè kí owó ìpolówó tó wọlé. Ẹnì kan tó ní chánẹ́ẹ̀lì ńlá fẹ́ ra fíìmù náà títí ayé. Owó tó mú wá wú mi lórí, àmọ́ "títí ayé" yẹn ni mi ò lè gbé mì. A jọ gbà sí ọdún méjì, iye tó san kéré sí ti àkọ́kọ́. Ẹni bá fẹ́ wò ó, kó fi sọ́kàn pé ẹni tó ń wò láti Lọ́ńdọ̀n tàbí Houston ń mú owó wá ju ẹni tó ń wò láti Ìbàdàn lọ, torí owó tí àwọn apolówó ń san níbẹ̀ ju tibí. Ìjọba Amẹ́ríkà sì ń yọ ìdá ọgbọ̀n nínú ọgọ́rùn-ún lórí èyí tó bá ti ọ̀dọ̀ àwọn òǹwòran tiwọn wá. Nítorí dọ́là ni wọ́n fi ń san án, náírà tó já wálẹ̀ ṣe wá lóore níbẹ̀, àmọ́ ó gba oore náà padà nígbà tí mo lọ ra hard drive.

Bí ìṣirò ṣe rí nìyí: gbogbo òṣèré ti gba owó wọn tán, àwọn òṣìṣẹ́ kámẹ́rà náà. Ó ku ẹni tó rán aṣọ, tí mo ti bẹ̀ títí di oṣù kejì, àti ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ní ká má sọ ọ́. Èrè kò tíì sí. Gbọ̀ngàn ló dá èyí tó pọ̀ jù padà nínú owó wa, ó sì yà mí lẹ́nu, nítorí YouTube ni mo fọkàn sí.

Lọ́dún tó ń bọ̀ a fẹ́ kọjá sí Kétu àti Pọ́bẹ̀ ní orílẹ̀-èdè Benin. Yorùbá yé wọn dáadáa, àmọ́ a ti ní kí wọ́n bá wa kọ èdè Faransé sábẹ́ àwòrán fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Ẹni tó bá mọ gbọ̀ngàn tó ṣeé háyà níbẹ̀, kó kọ̀wé sí mi. Kí iná wà níbẹ̀, tàbí jẹnẹrétọ̀ tí kì í pariwo. Kí ìyá tó ń lọ ata má sì sí nítòsí.