Sáàmù 13 ní Ìtòkú

Láti ìgbà tí àìsàn ti dá ọkọ mi dùbúlẹ̀, tí ọjà àdìrẹ ò sì yá mọ́ ní Ìtòkú, àdúrà gígùn ò rọrùn fún mi. Sáàmù 13 ni mo dì mú. Ẹsẹ mẹ́fà péré ni, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì sì bi Olúwa pé yóò ti pẹ́ tó. Mo máa ń kà á sókè nídìí ìkòkò aró. Àwọn kan ní àìnígbàgbọ́ ni irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. Mi ò gbà. Ta lèèyàn ń bi, bí kò bá gbà pé ó ń gbọ́? Sáàmù 88 tilẹ̀ parí sínú òkùnkùn, síbẹ̀ ó wà nínú Bíbélì! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa gbàdúrà: Ọjọ́bọ̀ la tún ń padà sọ́dọ̀ dókítà.