Odò kan náà la jọ ń wò

Ẹ má bú mi o, mo ti gbà pé ẹ̀bi mi ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Jámánì náà jẹ níbẹ̀. Kí ló dé tí ìlú méjì á kọjú síra, odò á wà láàárín, tí wọ́n á wá sọ ọ̀kan ní St. Goar, wọ́n á sọ ìkejì ní St. Goarshausen?

Àwa mẹ́fà la fẹ́ lọ ṣe fàájì létí odò Rhine, apá ibi tí òkè ti há a mọ́ lọ́tùn-ún lósì láàárín Bingen sí Koblenz. Ibẹ̀ rẹwà jàre, ọgbà àjàrà gun òkè lọ bí àtẹ̀gùn, ilé olódi àtijọ́ dẹ̀ pọ̀ lórí àwọn òkè yẹn, àjọ UNESCO pàápàá ti fi ibẹ̀ sínú ìwé àwọn ibi àjogúnbá àgbáyé látọdún 2002. Àwọn márùn-ún ń bọ̀ láti Mainz torí wọ́n ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹlẹ́ni márùn-ún, èmi nìkan ń bọ̀ láti Frankfurt, èmi náà dẹ̀ ni mo gbé kúlà. Ẹ fọkàn sí kúlà yẹn o. Jọ̀lọ́ọ̀fù, ẹran díndín, mọ́ín-mọ́ín mẹ́jọ, dòdò tí mo dín láago márùn-ún ìdájí.

Ànńtí tó kó wa jọ kọ ọ́ sí WhatsApp pé "St. Goar, aago mọ́kànlá". Mo wo fóònù, mo rí reluwé kan tó ń lọ tààrà láti Frankfurt dé St. Goarshausen, mo ní áà, wọ́n ké e kúrú ni, bí a ṣe ń pe Adéwálé ní Wálé.

Mo débẹ̀ ṣáájú aago mọ́kànlá, inú mi ń dùn pé èmi ni mo kọ́kọ́ dé. Mo dúró títí, mi ò réèyàn. Mo pè wọ́n.

"Ànńtí, ẹ kú àárọ̀ mà, ibo lẹ dé?"

"A ti dé tipẹ́! Ìwọ dà?"

"Mo wà létí odò mà, ilé olódi kan wà lórí òkè lẹ́yìn mi."

"Àwa náà wà létí odò, ó wà lẹ́yìn tiwa náà!"

"Ọkọ̀ ojú omi funfun ńlá kan ń kọjá lọ báyìí."

"À ń wò ó, ó ń lọ sọ́wọ́ ọ̀tún."

"Rárá mà, ọwọ́ òsì ló ń lọ."

Ẹnu ti dákẹ́. Ànńtí wá rọra ní, "Ìwọ ọmọ yìí, gbójú sókè kó o wo òdìkejì." Mo wò ó, mo rí gèlè yẹ́lò kan tó kéré bí wóró àgbàdo, wọ́n ń jù ú sókè sódò.

Mo ní kò sí wàhálà, màá gba orí afárá. Mo bá ń wọ́ kúlà lọ létí títì, mo ń wá afárá, táyà kan yọ lára ẹ̀, mo gbé e karí, mo rìn títí mo fi dé ìdí àpáta Loreley, ìyẹn àpáta tó ga ní mítà 132 tí wọ́n ní mámí wọ́tà wọn máa ń jókòó lé láti ya irun, tó ń kọrin títí ọkọ̀ á fi forí sọ òkúta. Bó bá yọjú lọ́jọ́ yẹn, ǹ bá fún un ní mọ́ín-mọ́ín kó gbé mi kọjá. Bàbá arúgbó kan tó ń mú ajá rìn ni mo bi léèrè afárá. Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní kò sí afárá kankan láàárín Mainz sí Koblenz, férì làwọn ń wọ̀. Férì dà? Ó nawọ́ sẹ́yìn mi, sí ìlú tí mo ti ń bọ̀. Ẹ gbà mí o, férì yẹn gan-an ni mo dúró wò bó ṣe ń kó mọ́tò lọ kó mọ́tò bọ̀, mo rò pé ó ń ṣe fàájì tiẹ̀ ni.

Nígbà tí mo sọ̀ ní òdìkejì, Ànńtí ò dáhùn ìkíni mi, kúlà ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí. Mọ́ín-mọ́ín ti di ọ̀kan náà pẹ̀lú jọ̀lọ́ọ̀fù. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ mo tún dá wọ férì padà lọ wọ reluwé mi, àwọn márààrún tò sétí omi, wọ́n ń ju gèlè sí mi. Kí n tó dé Frankfurt, wọ́n ti yí orúkọ gúrúùpù WhatsApp wa padà sí "Wálé kì í ṣe Adéwálé".