Owó Àkúrẹ́ ni mo san, Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà ni mo ń lọ

Ẹni tó ń ti Ìbàdàn lọ sí Àkúrẹ́ ní ọkọ̀, ẹni tó ń ti Àkúrẹ́ bọ̀ wá sí Ìbàdàn náà ní ọkọ̀. Ẹni tí àwọn onímọ́tò kì í rò mọ́ ọn ni ẹni tí ilé rẹ̀ wà láàrin méjèèjì. Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni mo lọ kí àbúrò ìyá mi ní Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà. Apá kan wà nínú ìrìnàjò náà tí inú ṣì ń bí mi sí, apá kan sì wà tí mo bá rántí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín.

Aago méje àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá nígbà tí mo dé gáréèjì kan ní Ìbàdàn. Ifẹ̀ ní ọkọ̀ tirẹ̀ níbẹ̀, Iléṣà ní tirẹ̀, Oṣogbo náà ní tirẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń lọ sí Ẹ̀rìn-Òkè, Ẹ̀rìnmọ̀, Ìpetu tàbí Ìkejì-Arákejì, ọkọ̀ Àkúrẹ́ ni wọ́n máa ní kó wọ̀, kí ó sì bẹ awakọ̀ pé kó já òun sílẹ̀ lójú ọ̀nà. Mo bi akọ̀wé tó jókòó sábẹ́ agboòrùn ńlá kan pé èló ni dé Ìpetu. Kò tilẹ̀ gbójú sókè.

"7,000."

"Àkúrẹ́ ńkọ́?"

"7,000 náà ni."

Mo ní kí ló dé tí ẹni tí kò dé ibi tí ọkọ̀ ń lọ yóò fi san iye kan náà pẹ̀lú ẹni tó dé ibẹ̀. Ìgbà yìí ló tó wò mí, ó sì fi sùúrù dá mi lóhùn bí ẹni ń kọ́ ọmọdé ní ìṣirò. "Bọ̀ọ̀dá, bí ẹ bá sọ̀ ní Ìpetu, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bá wa wá èrò tó máa jókòó síbẹ̀ dé Àkúrẹ́ ni?" Kò sí èsì lẹ́nu mi. Mo sanwó. Kí n tó kúrò níbẹ̀, agbèrò kan ti di báàgì mi mú, ó ní 1,000 náírà ni owó ẹrù rẹ̀, báàgì tí mo lè gbé lé itan mi láì rẹ̀ mí. A ná an títí ó fi gba 500. Bí ẹ bá mọ̀ pé báàgì yín kéré, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọwọ́ ẹnikẹ́ni kàn án, torí ẹni tó bá ti fọwọ́ kàn án ti di aláàárù yín nìyẹn.

Wákàtí méjì ó lé díẹ̀ ni a fi dúró kí ọkọ̀ tó kún. Bọ́ọ̀sì Hiace ni. Nígbà tí mo máa fi wọlé, ìjókòó kékeré tí wọ́n ń ṣí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn nìkan ló ṣẹ́ kù, èyí tí kò ní ẹ̀yìn tó ṣeé fara tì, tí ẹni tó bá jókòó sí i gbọ́dọ̀ dìde nígbàkígbà tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ sọ̀. Iye kan náà ni wọ́n ń gbà lórí òun náà. Nígbà náà, mo rò pé ìyà lásán ni wọ́n fi jẹ mí. N kò mọ̀ pé ìjókòó yẹn ni yóò jẹ́ kí n rí gbogbo ohun tó ń lọ nínú ọkọ̀.

A kọjá Ẹgbẹ́dá, a kọjá odò Ọ̀ṣun ní Aṣejire, kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. A kọjá Ìkirè tán, ojú ọ̀nà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dán, ni òórùn kan bí ti rọ́bà tó ń jó bá gba inú ọkọ̀. Awakọ̀ rọra ya sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Nígbà tó ṣí ojú ẹ́ńjìnnì, ooru bò ó lójú débi pé a kò rí i mọ́ fún ìṣẹ́jú kan. Páìpù rédíétọ̀ ló bẹ́.

Màmá àgbàlagbà kan tó jókòó síwájú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ò yẹ̀ ẹ́ wò kí o tó gbéra ni?"

"Mo yẹ̀ ẹ́ wò, Mà."

"Ojú lo fi yẹ̀ ẹ́ wò àbí ẹnu?"

Gbogbo ọkọ̀ bú sẹ́rìn-ín, awakọ̀ náà rẹ́rìn-ín, ìbínú sì rọ̀ díẹ̀. Ó fi ọlọ́kadà ránṣẹ́ padà sí Ìkirè láti lọ ra páìpù. Ọlọ́kadà dé lẹ́yìn nǹkan bí ogójì ìṣẹ́jú, ó mú èyí tí ẹnu rẹ̀ fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ bọ̀. Ó tún padà. Àwa èrò pín ara wa sábẹ́ igi bíi mélòó kan, oòrùn sì ń ràn bí ẹni pé òun náà gba owó ọkọ̀ lọ́wọ́ wa.

Níbẹ̀ ni obìnrin kan ti yọ sí wa pẹ̀lú abọ́ lórí. N kò mọ ẹni tó sọ fún un pé ọkọ̀ kan kọṣẹ́. Dòdò Ìkirè ló ń tà. Ẹni tí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí lè rò pé dòdò lásán ni, ṣùgbọ́n ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà tó ti pọ́n kọjá àlà, tí ẹlòmíràn á ti fẹ́ dànù, ni wọ́n ń gún pọ̀ mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n ń mọ, tí wọ́n sì ń fi epo pupa dín títí yóò fi dúdú. Ó ká ọ̀rá tó fi bo abọ́ náà, ó mú ẹyọ kan, ó fọ́ ọ sí méjì níṣojú wa kí a lè rí inú rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ dúdú bí èédú, inú rẹ̀ pupa, epo sì ń kán díẹ̀díẹ̀ sórí ewé tó fi dì í. Adùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá ọ̀fun, ata á sì dé lẹ́yìn rẹ̀ bí ẹni tó pẹ́ dé òde ṣùgbọ́n tó fẹ́ kí gbogbo ayé mọ̀ pé òun ti dé.

"500 náírà dì kan," ni ó wí. A rà á. Mo ń jẹ ẹ̀kejì lọ́wọ́ nígbà tí ọmọkùnrin àdúgbò kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ kọjá na 300 sí i, tó sì gba dì kan lọ láì sọ ọ̀rọ̀ kankan. Mo wo obìnrin náà. Òun náà wò mí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, ọmọ ilé ni."

Ó yẹ kí n bínú. Lóòótọ́, ohun kan náà ni òun àti akọ̀wé gáréèjì ṣe fún mi, iye kan fún ẹni tó mọ ọ̀nà, iye mìíràn fún ẹni tí kò ní ibòmíràn tó lè lọ. Ṣùgbọ́n òun fún mi ní nǹkan jẹ, ó sì tún fi ẹyọ kan ṣe ènì. Mo ra dì mẹ́ta sí i fún àbúrò ìyá mi.

Wákàtí méjì kọjá kí ọkọ̀ tó gbéra. Gbọ̀ngán, Ifẹ̀, a kàn ń kọjá ni. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti tún yí padà ni Òṣú, láàrin Ifẹ̀ àti Iléṣà, ojú ọ̀nà tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi sọ̀ níbẹ̀. Òun náà san 7,000. Mo dìde, mo ká ìjókòó mi, ó bọ́ sílẹ̀. Kí n tó ṣí ìjókòó náà padà, obìnrin kan pẹ̀lú agbọ̀n tòmátì ti gun ọkọ̀, ó jókòó sí àyè ọmọkùnrin yẹn gan-an, ó sì na 1,000 náírà sí awakọ̀ fún Iléṣà. Ní Iléṣà, obìnrin náà sọ̀, bàbá kan wọlé, ó san 2,500 dé Àkúrẹ́. Ìjókòó kan ṣoṣo, ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n tà á, ẹni àkọ́kọ́ sì ti san owó gbogbo ọ̀nà sílẹ̀ ní Ìbàdàn torí wọ́n sọ fún un pé kò ní sí ẹni tó máa jókòó síbẹ̀ lẹ́yìn òun.

N kò lè pa á mọ́ra. Mo bi awakọ̀ léèrè, n kò sì fi ìbínú béèrè, torí ọkùnrin náà kì í ṣe èèyàn burúkú. Kò fi ọ̀rọ̀ pa mọ́ fún mi. Ó ní gáréèjì ń yọ tiwọn kí òun tó gbéra, ẹni tó ni ọkọ̀ ní iye tí òun gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ rẹ̀, tíkẹ́ẹ̀tì sì wà lójú ọ̀nà. Èrò sóòlè, ìyẹn àwọn tí òun ń gbé lójú títì, ni òun fi ń jẹun. Ó tún rán mi létí epo. Ní oṣù Kárùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba àpapọ̀ yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù, lítà kan tí kò tó 200 náírà tẹ́lẹ̀ fò kọjá 480 láàrin ọjọ́ díẹ̀, owó ọkọ̀ kò sì tíì padà sí bó ṣe wà láti ìgbà náà. Mo gbà pé òótọ́ ni gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, ará Òṣú àti ará Ìpetu ni wọ́n ń fa gbogbo rẹ̀ lé lórí, torí àwọn ni kò ní gáréèjì tiwọn ní Ìbàdàn.

Ó já mi sílẹ̀ ní Ìpetu lẹ́yìn aago méjì ọ̀sán. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti di ìlẹ̀kùn mú kí ẹsẹ̀ mi kejì tó kan ilẹ̀.

Àbúrò ìyá mi tú dòdò Ìkirè, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́, lẹ́yìn náà ló bi mí ní iye tí mo wọkọ̀. Nígbà tí mo sọ fún un, ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan. "Ta ló ní kí o wọ ọkọ̀ Àkúrẹ́? Ṣé o ò mọ Iléṣà mọ́ ni?" Ó wá ṣàlàyé bí àwọn ará ibẹ̀ ṣe ń rìn, wọn kì í wọ ọkọ̀ láti ìlú ńlá sí ìlú ńlá, ìlú dé ìlú ni wọ́n ń wọ̀ ọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe padà lọ́jọ́ Àìkú. Mo dúró ní ìkóríta fún ogójì ìṣẹ́jú, ọkọ̀ mẹ́jọ tó ti Àkúrẹ́ bọ̀ fò mí kọjá pẹ̀lú èrò kíkún, kí Camry àtijọ́ kan tó ń ná Iléṣà tó dúró. 1,500 dé Iléṣà, 1,500 dé Ifẹ̀, 3,000 dé Ìbàdàn. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 6,000. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú owó kékeré dání bí ẹ bá fẹ́ rin irú ìrìn yìí, torí kò sí ọ̀kan nínú àwọn awakọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tó ní ṣẹ́ńjì, ẹ sì ka wákàtí kan mọ́ ọn fún ìdúró.

A há mọ́ra nínú Camry yẹn, mẹ́rin lẹ́yìn, méjì níwájú, kẹ́ẹ̀gì epo pupa kan sì wà lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n awakọ̀ náà mọ orúkọ ẹni gbogbo. Nígbà tí a dé Ẹ̀rìn-Òkè, ó dúró láìsí pé ẹnikẹ́ni fẹ́ sọ̀, ó fọn fèrè lẹ́ẹ̀mejì níwájú ilé kan tí wọ́n kò tíì rẹ́, ó sì na ọwọ́ sí ihò ojú ọkọ̀, ó mú ọ̀rá dúdú kan jáde. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ni, ó ní ìyá kan ló rán òun. Ọmọbìnrin kékeré kan sáré jáde láti ẹ̀yìnkùlé pẹ̀lú ọwọ́ tí ẹ̀lùbọ́ kún, ó fi eyín gba ọ̀rá náà, ó kúnlẹ̀, ó sì sáré padà. Awakọ̀ kò gba kọ́bọ̀. Ó ti wọ jíà kí ìyá náà tó yọjú lójú fèrèsé láti kí i.