Téèpù Ni Mo Kọ́kọ́ Mú: Bí Èmi àti Kẹ̀kẹ́ Mi Ṣe Ti Ògbómọ̀ṣọ́ Dé Lọ́ńdọ̀nù

Kí n tó wá owó tíkẹ́ẹ̀tì, kí n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù físà, téèpù tí mo fi ń wọn àwọn oníbàárà mi ni mo kọ́kọ́ mú. Kẹ̀kẹ́ tí mo ń jókòó lé ni mo fi wọ̀n. Kẹ̀kẹ́ arọ ni wọ́n ń pè é ládùúgbò wa ní Sábó. Èmi kì í pè é bẹ́ẹ̀, kẹ̀kẹ́ mi ni mò ń pè é. Láti etí táyà kan dé etí èkejì, ìnṣì 25. Láti ilẹ̀ dé ibi ìjókòó, ìnṣì 20. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń ra kajú, wọ́n gbé e ka ìwọ̀n: kílò 17. Mo kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé tí mo ń kọ ìwọ̀n aṣọ sí, mo fa ìlà sí i nídìí.

Ọdún 2011 ni ọkọ̀ dà wá nù lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ọ̀pá ẹ̀yìn mi ló fara gbá a. Láti ìbàdí dé ẹsẹ̀, n kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ọlọ́run dá ọwọ́ mi sí. Mo pààrọ̀ ẹ̀rọ ìránṣọ ẹlẹ́sẹ̀ sí ti ọlọ́wọ́, iṣẹ́ ń lọ, ọmọ ń kàwé. Ohun tí n kò tíì rí láti ìgbà náà ni ìsinmi. Àbúrò mi ọkùnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò yé sọ ọ́: “Àǹtí mi, ẹ wá lo ọ̀sẹ̀ méjì péré.” Ṣùgbọ́n òkè kẹta ni ilé tirẹ̀ wà, kò sì sí lífìtì. Òtẹ́ẹ̀lì la máa wá.

Ọ̀rọ̀ òtẹ́ẹ̀lì yìí ló jẹ́ kí n mú téèpù. Lọ́dún tó ṣáájú, a lọ ṣe ìgbéyàwó ẹbí ní Èkó. Òtẹ́ẹ̀lì kan sọ fún wa lórí fóònù pé àwọn ní yàrá fún ẹni tó ń lo kẹ̀kẹ́. A débẹ̀, àtẹ̀gùn mẹ́ta ló wà lẹ́nu ọ̀nà, àwọn ọmọkùnrin méjì ló gbé mi wọlé bí àpò gaàrí. Ilẹ̀kùn balùwẹ̀, ìnṣì 23. Ìnṣì méjì péré ló dí mi lọ́nà. Ọmọ mi obìnrin bu omi wá sínú abọ́, ó wẹ̀ mí lórí ibùsùn, èmi tí mo wẹ òun náà rí. Mo sunkún lóru ọjọ́ náà. Síbẹ̀ mi ò lè sọ pé wọ́n parọ́: yàrá náà wà nísàlẹ̀, lójú tiwọn ìyẹn ti tó. Àwa la ò mọ ohun tó yẹ ká béèrè. Láti ọjọ́ náà, n kì í béèrè “Ṣé ẹ ní?” mọ́. “Mélòó ni?” ni mò ń béèrè.

Nítorí náà, mo kọ̀wé sí òtẹ́ẹ̀lì mẹ́rin ní Lọ́ńdọ̀nù. Báwo ni ilẹ̀kùn yàrá ṣe fẹ̀ tó, ti balùwẹ̀ ńkọ́? Báwo ni ibùsùn ṣe ga tó? Ṣé ilẹ̀ pẹrẹsẹ ni ibi ìwẹ̀, àbí ó ní ìdènà tí èèyàn gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ kọjá? Ṣé àga wà níbẹ̀ tí mo lè jókòó lé wẹ̀? Mẹ́ta nínú wọn dáhùn pé kí n má ṣe dààmú, pé yàrá wọn dára fún mi. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Òṣìṣẹ́ kan ní òtẹ́ẹ̀lì kẹrin ló ya fọ́tò ránṣẹ́. Téèpù aláwọ̀ ìyeyè, bíi tèmi gan-an, ni ó nà láàárín ẹnu ọ̀nà balùwẹ̀. Ìka àtàńpàkò rẹ̀ tó kun pupa ló fi tẹ orí téèpù náà mọ́ férémù. Sẹ̀ǹtímítà 86, ìyẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìnṣì 34. Fọ́tò kejì fi ibùsùn hàn: ìnṣì 21. Mo ti rí àwòrán Lọ́ńdọ̀nù lọ́pọ̀lọpọ̀, ti afárá àti ti ààfin ọba. Èyí tí ìka obìnrin náà wà nínú rẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé mò ń lọ lóòótọ́.

Ti físà kò ní ìtàn púpọ̀. Wọ́n béèrè owó báńkì, ẹ̀rí iṣẹ́, ohun tí yóò mú mi padà wálé. Mo fi lẹ́tà dókítà kún un, wọ́n sì fún mi.

Tíkẹ́ẹ̀tì ló gba àlàyé. Àwọn oníbàálù ní lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin tí wọ́n ń kọ síwájú orúkọ èrò tó nílò kẹ̀kẹ́. WCHR ni ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ tí kò lè rin ọ̀nà jíjìn. WCHS kò lè gun àtẹ̀gùn, ṣùgbọ́n ó lè rìn díẹ̀ dé àga rẹ̀ nínú bàálù. WCHC ni èmi: wọ́n gbọ́dọ̀ gbé mi dé orí àga. Ọmọkùnrin tó bá wa gé tíkẹ́ẹ̀tì ní Ìbàdàn kọ R.

“Mọ́mì, ọ̀kan náà ni gbogbo rẹ̀, kẹ̀kẹ́ ni wọ́n máa gbé wá.”

“Kì í ṣe ọ̀kan náà, ọmọ mi. Tí o bá kọ R, ẹsẹ̀ àtẹ̀gùn ni wọ́n máa gbé mi dé, wọ́n á ní kí n dìde.”

Ó dákẹ́, ó pa á rẹ́, ó kọ C. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo lẹ́tà ìkẹyìn yẹn fúnra yín. Lábẹ́ òfin tí Yúróòpù ṣe lọ́dún 2006, tí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà ṣì ń lò, ọ̀fẹ́ ni ìrànlọ́wọ́ ní pápákọ̀ òfurufú wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ gbowó lórí kẹ̀kẹ́. Àwa náà ni ká sọ fún wọn, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú. Oṣù kan ṣáájú ni mo ti sọ, mo sì tún pè nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́ta.

Ọwọ́ ni mo fi ń yí tèmi. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ bá ń lo bátìrì lithium tó ṣeé yọ, kó wo Wh, ìyẹn ìwọ̀n agbára bátìrì, tí wọ́n kọ sí i lára: tó bá jẹ́ ẹyọ kan, kò gbọdọ̀ ju 300 lọ, tó bá jẹ́ méjì, 160 ni ìkọ̀ọ̀kan. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ nínú bàálù ni yóò gbé bátìrì náà sí, kì í ṣe ìsàlẹ̀ níbi ẹrù. Kó má ra orí ṣájà tuntun, torí ihò iná Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta bíi tiwa.

Lẹ́nu ọ̀nà bàálù ni wọ́n ti gba kẹ̀kẹ́ mi. Wọ́n gbé mi sórí àga tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó lè gba àárín ìjókòó kọjá, wọ́n fi bẹ́líìtì dè mí láyà àti lẹ́sẹ̀. Tìmùtìmù mi kò kúrò lọ́wọ́ ọmọ mi, orí rẹ̀ ni mo jókòó lé títí a fi dé. Ẹni tí kò mọ ìrora lára, egbò ìjókòó lè dá sí i lára láìjẹ́ pé ó mọ̀. Ó ju wákàtí mẹ́fà lọ kí bàálù tó dé láti Èkó. Fóònù ọmọ mi ń dún ní ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, mo ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ara mi sókè. Ọ̀rọ̀ ìtọ̀ náà nìyí, ẹ jẹ́ ká sọ ọ́: àwọn ẹlòmíì nínú wa kì í mu omi látàárọ̀ nítorí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ bàálù. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ rí nínú ọkọ̀ Èkó, àìsàn ló bá mi délé. Lọ́tẹ̀ yìí, nọ́ọ̀sì ti fi rọ́bà ìtọ̀ sí mi lára kí n tó kúrò nílé, mo sì mu omi mi.

Nígbà tí wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ jáde ní Heathrow, pápákọ̀ òfurufú Lọ́ńdọ̀nù, ibi ìfẹsẹ̀lé apá ọ̀tún ti tẹ̀. Ó dùn mí gan-an, torí a lè yọ ọ́ kúrò, àwa ló gbàgbé. Àmọ́ a ti ya fọ́tò kẹ̀kẹ́ náà yíká ní Èkó. A kò kúrò ní pápákọ̀ títí wọ́n fi kọ ìwé ẹ̀sùn fún wa. Ọjọ́ méje péré ni àdéhùn Montreal, ìyẹn àdéhùn àgbáyé lórí ìrìn-àjò bàálù, fún ẹni tí ẹrù rẹ̀ bá bàjẹ́ láti fi ẹjọ́ sùn. Wọ́n tún un ṣe kí n tó padà.

Inú ìlú wáá rọrùn. Ọ̀nà rélùwéè Elizabeth, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2022, kò ní ibùdókọ̀ kankan tí kẹ̀kẹ́ kò lè dé láti ojú pópó. Àwọn ọ̀nà abẹ́ ilẹ̀ àtijọ́ kò rí bẹ́ẹ̀, kí ẹ wo máàpù kí ẹ tó jáde. Takisí dúdú wọn ní pákó tí kẹ̀kẹ́ ń gùn wọlé. Àbúrò mi ra kọ́kọ́rọ́ kan fún mi tí wọ́n ń pè ní Radar, ó ń ṣí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn aláàbọ̀ ara káàkiri ilẹ̀ náà. Mo fi okùn so ó mọ́ ọrùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ téèpù mi.

Bọ́ọ̀sì ni mo fẹ́ràn jù. Ọ̀fẹ́ ni fún ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́. Lọ́jọ́ kan, kẹ̀kẹ́ ọmọ ọwọ́ ló wà ní àyè wa; awakọ̀ bẹ ìyá ọmọ náà kó sún un, kò sì wa ọkọ̀ lọ títí ó fi sún un. Àbúrò mi ló sọ fún mi pé ọkùnrin kan bíi tèmi, Doug Paulley, ló gbé ọ̀rọ̀ yìí lọ sílé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀, tí wọ́n sì dájọ́ lọ́dún 2017 pé kì í ṣe kí awakọ̀ kàn bẹ̀bẹ̀ lẹ́ẹ̀kan kó sì dákẹ́. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà nínú ọkàn mi.

Ní British Museum, ilé tí wọ́n ń kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé sí, lífìtì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn iwájú. Orí idẹ kan wà níbẹ̀ tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1938, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé. Mo yí kẹ̀kẹ́ mi sún mọ́ gíláàsì. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ bo ojú rẹ̀ dé àgbọ̀n, ó dọ́gba bí ojú abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ. N kò mọ bí mo ṣe pẹ́ tó níbẹ̀. Kò sí ẹni tó ní kí n kúrò lọ́nà.

Mo ti padà sí Sábó. Oṣù kìíní ọdún 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí òfin àwọn aláàbọ̀ ara, ọdún márùn-ún ni òfin náà fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ láti tún ẹnu ọ̀nà wọn ṣe. Ó ti pé lọ́dún 2024. Báńkì tí owó mi wà ṣì ní ilẹ̀kùn gíláàsì tó ń gba ẹnì kan ṣoṣo lórí ìdúró. Ìta, nínú oòrùn, ni òṣìṣẹ́ wọn ti ń wá bá mi ka owó. Mo ti wọn ilẹ̀kùn náà, mo ti kọ̀wé sí wọn, n ó sì tún kọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ìyá kan pè mí láti Ọ̀yọ́, ó ń tajà ní ọjà Akẹ̀sán. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin ń lo kẹ̀kẹ́, wọ́n fẹ́ mú un lọ sí Gánà. Mo ní kí wọ́n kọ́kọ́ wọn kẹ̀kẹ́ náà.

“A ò ní téèpù nílé, ìyá. Okùn ló wà.”

“Ẹ fi okùn wọ̀n ọ́n. Ẹ ta kókó sí i níbi tó bá parí sí, ẹ fi rán awakọ̀ sí mi.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, okùn náà dé. Mo tẹ́ ẹ sórí tábìlì tí mo ti ń géṣọ, mo na téèpù sí i láti kókó dé kókó. Ìnṣì 24 àti ààbọ̀.