Ẹ̀rù Bà Wá, Olúwa Kò Fi Wá Sílẹ̀

Ẹ bá wa gbé Olúwa ga! Àwa tí wọ́n gbé wọ yàrá iṣẹ́ abẹ tí a sì jáde láàyè, ọpẹ́ la wá dá. A sì fẹ́ kí ọpẹ́ yìí wúlò fún ẹni tí àyà rẹ̀ ń já báyìí nítorí pé ọjọ́ iṣẹ́ abẹ rẹ̀ ti ń sún mọ́lé.

Ẹ má ṣe gbà pé onígbàgbọ́ kì í bẹ̀rù. Kíróníkà Kejì orí 20 sọ ọ́ gbangba pé ẹ̀rù ba Jehoṣafati, ọba Juda, nígbà tó gbọ́ ìró ogun. Ẹ̀rù yẹn náà ló lé e lọ bá Ọlọ́run. Ẹ wo bó ṣe to àdúrà rẹ̀: ó pe Ọlọ́run bí ó ti tóbi tó, ó sọ ohun tó ti ṣe rí, ó dárúkọ àwọn ọ̀tá náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Ammoni, Moabu, òkè Seiri, lẹ́yìn náà ló wá jẹ́wọ́ pé àwọn kò mọ ohun tí àwọn yóò ṣe, ṣùgbọ́n Ọlọ́run ni àwọn ń wò.

Dídárúkọ yẹn ni ọ̀pọ̀ wa máa ń fò. A ó máa ké "Gbà mí, Olúwa" mọ́jú, a kò ní sọ ohun tó ń dẹ́rù bà wá gan-an, ẹ̀rù náà á sì máa ga sí i. Ẹ mú bébà, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: "Ṣé mo máa jí?" "Ta ni yóò tọ́jú àwọn ọmọ?" Èyí tí ènìyàn lè dáhùn, ẹ gbé e lọ bá ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ẹ bi dókítà tó ń fúnni lóògùn oorun. Yóò sọ fún yín pé títí iṣẹ́ náà yóò fi parí ni wọn yóò máa ṣọ́ bí ọkàn yín ṣe ń lù, èémí yín, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ àti afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀. Èyí tí ènìyàn kankan kò lè dáhùn, ẹ tẹ́ ẹ síwájú Olúwa, bí ọba Hesekiah ṣe tẹ́ lẹ́tà ìhàlẹ̀ tí Senakeribu ọba Asiria kọ sí i sílẹ̀ nínú tẹ́ḿpìlì.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi egbòogi tí ẹ ń lò pamọ́ fún dókítà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ má jẹun fún wákàtí 6, ẹ má fẹnu kan nǹkan; oúnjẹ tó bá wà níkùn lè gòkè wá lójú oorun oògùn, kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ńkọ́? Àwọn dókítà ni kí ẹ bi. Kéèyàn dá a dúró fúnra rẹ̀ kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Òru ni ẹ̀rù máa ń le jù. Sáàmù 56 ẹsẹ 3 kúrú tó láti bá èémí rìn. Ẹ fi imú fa afẹ́fẹ́ sínú fún bí ìṣẹ́jú àáyá 4, kí ẹ máa sọ lọ́kàn pé "Nígbà tí ẹ̀rù bá ń bà mí"; ẹ wá rọra tú u jáde fún bíi 6, pẹ̀lú "èmi yóò gbẹ́kẹ̀ lé ọ." Ìgbà mẹ́wàá kò tó ìṣẹ́jú 2. Èémí àtújáde tó gùn yẹn ló ń mú kí ọkàn rọra lù. Ẹni tó bá ń mí kíákíá, òòyì á kọ́ ọ, ìka rẹ̀ á kú, á rò pé ikú ló dé. Bẹ́ẹ̀, mímí àmíjù ló fà á.

Jehoṣafati kò fi orin dúró de ìparí ogun: àwọn akọrin ló ṣáájú ọmọ ogun. Ọjọ́ 3 ni wọ́n fi kó ìkógun. Ní ọjọ́ kẹrin, wọ́n pé jọ ní àfonífojì Beraka láti yin Olúwa. Àwa náà kò lè dákẹ́. A mọ̀ pé àwọn kan wọlé tí wọn kò jáde, a kò sì ní fi ọpẹ́ wa bo ẹkún ìdílé wọn mọ́lẹ̀; Olúwa wà nítòsí àwọn tí ọkàn wọn gbọgbẹ́. A dúpẹ́ lọ́wọ́ àwọn dókítà, àwọn nọ́ọ̀sì tí kò sùn lóru, àti gbogbo ẹni tó gbọ́ pé ẹ̀rù ń bà wá tí kò bá wa wí. Olúwa, gba ọpẹ́ wa!